Bẹ́ ẹ ṣe lè fi gíláàsì AR kọ́ èèyàn níṣẹ́ láì da ojú, ọrùn àti ọkàn ẹ̀ láàmú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó já fáfá gan-an, a ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sáfíìsì jẹnẹrétọ̀ ńlá, àwọn oní-dísẹ́ẹ̀lì tí ilé ìwòsàn àti báńkì ń lò, a wá fi gíláàsì AR bò ó lójú kó lè máa rí àmì ọfà tó ń júwe fún un pé nọ́ọ̀tì rèé, fílítà rèé, ibi báyìí ni kó o kọ́kọ́ tú. Nígbà tó di nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú mo bi í pé ṣé kò sí o? Ó ní "Kò sí wàhálà rárá sà," ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì pé tí mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mo bá a níbẹ̀ tó fi iwájú orí ti ògiri, ó di ojú ẹ̀, itọ́ kún un lẹ́nu, ó ń tu ú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí èébì ń gbé. Bó ṣe rí mi báyìí ó sáré dúró gírí, ó ní "Ẹ má bínú sà."

Ẹ má bínú kẹ̀! Èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́.

Àtọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé nínú gbogbo ohun tí gíláàsì yìí lè ṣe fún èèyàn, èyí tọ́mọ iṣẹ́ ò ní sọ jáde lẹ́nu ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù jù. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ọmọ kì í wo ojú ọ̀gá kó ní ó ti rẹ òun, pàápàá tó bá jẹ́ nǹkan olówó iyebíye ni ọ̀gá gbé lé e lórí, á rò pé wọ́n á ní ojú òun ò gba ọ̀làjú, wọ́n á gbé e fẹ́lòmíì. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ló dá lórí ká tètè rí i kó tó di pé ẹnì kan lọ fi orí ti ògiri, ì báà ṣe mẹkáníìkì lẹ̀ ń kọ́ o, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì, tàbí kẹ́ ẹ wà nílùú ọba níbi tí ilé iṣẹ́ ti kó gíláàsì dé tí wọ́n ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fi mú àwọn tuntun wọnú iṣẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, AR, ìyẹn augmented reality, ni pé ẹ ṣì ń rí ibi tẹ́ ẹ wà gan-an, ẹńjìnnì yín, ọwọ́ yín, ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé, àmọ́ kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán kún un. VR yàtọ̀ sí i, ìyẹn di ojú yín pa ni, ó gbé yín lọ síbòmíì. Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún AR lórúkọ, àwọn méjì kan ní ilé iṣẹ́ Boeing tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, Tom Caudell àti David Mizell, ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn ní 1992, wọ́n ń wá ohun tí òṣìṣẹ́ lè dé sórí táá máa fi ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan á gbà hàn án, dípò kó máa ṣí bébà kiri.

Ẹni tó ti lo VR rí á rò pé òòyì àti èébì ni ìṣòro AR náà. Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀. Torí pé ẹ ṣì ń rí ilẹ̀ àti ògiri, ojú àti etí inú tó ń bá wa mọ bá a ṣe dúró ò fi bẹ́ẹ̀ jà síra wọn. Ìwádìí kan jáde ní 2018, èèyàn 142 ni wọ́n fi HoloLens, gíláàsì AR tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe, kọ́ níṣẹ́, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, iṣẹ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ gbalasa òfuurufú (space), ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òun ò rí nǹkan kan, àwọn tó rí nǹkan, ojú ló pọ̀ jù lọ́rọ̀ wọn. Ìyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì: àwọn ológun Amẹ́ríkà náà ní kí wọ́n ṣe tiwọn jáde látara HoloLens yìí kan náà, wọ́n ń pè é ní IVAS, owó tí wọ́n là kalẹ̀ fún un ní 2021 lè tó bílíọ̀nù 22 dọ́là, nígbà tí wọ́n wá kó o fún sójà kí wọ́n dán an wò ní 2022, orí ń fọ́ wọn, ojú ń ro wọ́n, èébì ń gbé wọn, nínú àwọn tí ara ni, ó ju 80 nínú 100 lọ tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fà yọ nínú méjèèjì ni pé ẹni tó fi jókòó kọ́ nǹkan díẹ̀ tó sì bọ́ ọ, ara ẹ̀ á le, ẹni tó bá ń dé e sáré kiri fún wákàtí, ara ẹ̀ á sọ ọ́.

Ojú ló ń kọ́kọ́ jìyà

Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú imú báyìí, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ẹ wò ó. Iṣẹ́ méjì ni ojú yín ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin ojú méjèèjì yí wọ inú títí wọ́n fi pàdé lára àtàǹpàkò yẹn, lẹ́ǹsì inú ojú náà sì tún ara ẹ̀ ṣe kí ohun tó wà nítòsí lè mọ́ kedere. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń lọ pọ̀ bí ìbejì. Gíláàsì AR ló ń yà wọ́n. Nínú HoloLens 2, ìmọ́lẹ̀ àwòrán ń wá bí ẹni pé ó ti mítà 2 wá, kì í kúrò níbẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ya ọfà sí. Tí ọfà bá wá wà lára nọ́ọ̀tì tó jẹ́ pé ẹ nawọ́ kàn án ni, ẹyin ojú á yí wọ inú lọ bá ọfà níbi nọ́ọ̀tì, àmọ́ lẹ́ǹsì ojú gbọ́dọ̀ dúró sí mítà 2 kí ọfà tó lè mọ́, ọ̀kan ń fà síbí, èkejì ń fà sọ́hùn-ún. Tí ọfà bá mọ́, nọ́ọ̀tì gidi á ṣú, tí nọ́ọ̀tì bá mọ́, ọfà á ṣú, ojú á wá máa lọ máa bọ̀ láàárín wọn títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ojú ríro ti ń wá, àti ẹ̀fọ́rí iwájú orí tó máa ń dà bí ẹni fi okùn di èèyàn lórí.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fi gíláàsì lé ẹnikẹ́ni lójú, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ya àwòrán sí. Microsoft fúnra wọn ló ní kí àwòrán wà láàárín mítà 1.25 sí mítà 5, pé ibi tó dáa jù ni mítà 2, pé tó bá ti sún mọ́ ojú ju 40 cm lọ kó máa pòórá. Iṣẹ́ ọwọ́ ò sì ní jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dúró ní mítà 2 tú fílítà. Ohun tí èmi sọ fún ẹni tó ń bá wa ṣe áàpù ni pé kó gbé gbogbo ìwé kíkà lọ sórí pátákó kan tó dúró ní mítà 2 lẹ́yìn ẹńjìnnì, kó wá jẹ́ pé ibi nọ́ọ̀tì, àmì kékeré kan péré ló máa wà níbẹ̀, tí ọwọ́ bá ti débẹ̀ kí àmì yẹn kú. Ọ̀sẹ̀ tá a ṣe ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ojú ríro lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó ń lo jígí ìwòran, kó lò ó wá, HoloLens gbà á kí wọ́n dé e lé e lórí. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí ojú ẹ̀ ò tètè mọ́ ohun tó wà nítòsí mọ́, kó mú jígí ìkàwé ẹ̀ dání, ẹ má dúró kó tó béèrè. Tẹ́ ẹ bá sì ń gba gíláàsì kúrò lójú ẹnì kan fún ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kẹ́ni tuntun tún ṣe ti ojú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí gíláàsì á ti ní kó máa fi ojú tẹ̀ lé àwọn nǹkan kéékèèké, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó torí pé ó ń gbà wọ́n lákòókò. Àlàfo tó wà láàárín ẹyin ojú méjèèjì ò dọ́gba láàárín èèyàn, ó lè jẹ́ 55 mm lójú ẹnì kan kó jẹ́ 70 mm lójú ẹlòmíì, gíláàsì tó ṣì ń rò pé ojú ẹni àkọ́kọ́ lòun wà, àwòrán ẹ̀ á yẹ̀, ojú ẹni kejì á wá máa wá a kiri.

Oòrùn ńkọ́? Gíláàsì yìí ìmọ́lẹ̀ ló ń fi kún ohun tẹ́ ẹ ń rí, kò lè ya dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán ọfà á parẹ́, ọmọ iṣẹ́ á máa fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń wo inú iná. Abẹ́ òrùlé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Kẹ́ ẹ sì rán wọn létí kí wọ́n máa ṣẹ́jú, torí téèyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ, tó bá wá jẹ́ yàrá tí wọ́n tan ẹ̀sì sí ó burú sí i. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n gbé ojú kúrò, kí wọ́n wo ọ̀nà jíjìn bíi mítà 6 fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, àpólò. Gíláàsì kan ṣoṣo lẹ ní, èèyàn mẹ́wàá ló máa dé e, ẹ̀ ń retí kí ni? Ọdún 1969 ni àrùn ojú pípọ́n yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ọdún tí Apollo 11 balẹ̀ sínú òṣùpá, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ, ọwọ́ àti nǹkan tá a jọ ń lò ló sì ń gbà tàn kiri. Tí ẹnì kan bá bọ́ gíláàsì, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti sípíríìtì 70% nu ibi tó ń kan iwájú orí àti imú, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tójú ẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ náà, kó máa fi ojú lásán kọ́ṣẹ́.

Ọrùn, èjìká àti irun orí

HoloLens 2 wúwo tó gíráàmù 566. Ẹ gbé omi inú ìgò 50cl tó kún dé ẹnu lọ́wọ́, ó tún wúwo ju ìyẹn lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí kẹ́ ẹ tẹrí ba wo inú ẹńjìnnì fún wákàtí kan. Ìpàkọ́ ló máa kọ́kọ́ le, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká. Ẹ gbé ohun tí wọ́n ń kọ́ ga sí i bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n máa wò ó ní ọ̀kánkán, ká má máa tẹrí ba fún un. Àwa gbé ẹńjìnnì ìkọ́ṣẹ́ wa sórí tábìlì onírin, àtẹ̀yìn ìgbà yẹn ẹnikẹ́ni ò tún di ọrùn mú mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fáwọn obìnrin láti àná. Ẹni tó di ṣùkú wá, àtàrí ló máa wà, okùn ẹ̀yìn gíláàsì ò ní rí ibi jókòó, gbogbo ìwúwo á wá ṣubú sórí imú, mo ti rí ẹni tí ojú ibẹ̀ fi bó. Gèlè ò ṣeé ṣe rárá. Híjáàbù dáa, kí wọ́n lo èyí tó fẹ́lẹ́, kí okùn wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní yàrá kan tí wọ́n á ti tún un ṣe tó bá yẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má máa tún híjáàbù ṣe láàárín ọkùnrin torí pé ọ̀gá ń dúró.

Ọwọ́ náà ń jìyà. Bọ́tìnì inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n á máa nawọ́ sókè tẹ̀, ó dùn ún wò nínú fídíò, àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá apá á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àwọn kan ní kí ọmọ iṣẹ́ máa fẹnu sọ ọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀rọ yìí kì í sábàá gbọ́ ohùn tiwa dáadáa, ọmọ iṣẹ́ á pe "next" nígbà mẹ́rin, ìtìjú á mú un. Ẹ kúkú jẹ́ kí bọ́tìnì wà nísàlẹ̀, níbi tí ìgúnpá wọn á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ti fóònù àti táábùlẹ́ẹ̀tì wà tún lọ́tọ̀, ìyẹn gba ọwọ́ kan, ọrùn á tẹ̀ síwájú, ẹ wá nǹkan gbé e lé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí "ṣé kò sí?" kì í ṣe ìbéèrè lọ́dọ̀ wa, ìkíni ni, "kò sí" sì ni ìdáhùn ẹ̀ kódà tí ilé ń jó. Bébà kan wà tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kennedy àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe jáde ní 1993, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ṣe é fún, àmì 16 ló wà nínú ẹ̀, ẹ máa fi 0 dípò kò sí rárá, 1 dípò díẹ̀, 2 dípò ó pọ̀ díẹ̀, 3 dípò ó pọ̀ gan-an. Èmi yí i sí Yorùbá tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà:

Ara mi ò yá. Ó rẹ̀ mí. Orí ń fọ́ mi. Ojú ń ro mí. Ojú mi ò tètè mọ́ nǹkan. Itọ́ ń pọ̀ lẹ́nu mi. Mò ń làágùn. Èébì ń gbé mi. Ọkàn mi ò pa pọ̀. Orí mi wúwo. Ojú mi ń ṣú. Òòyì ń kọ́ mi tí mo bá lajú. Òòyì ń kọ́ mi tí mo bá dijú. Ó ń dà bíi pé ilẹ̀ ń yí. Inú mi ò rí bó ṣe máa ń rí. Mò ń gùnfẹ̀.

Ẹ fún wọn kí wọ́n tó dé gíláàsì, ẹ tún fún wọn nígbà tí wọ́n bọ́ ọ. Ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì ni pé ẹlòmíì ti bá gòsílóò wọnú dáńfó láti aago márùn-ún ìdájí, kò tíì jẹun, orí ẹ̀ ti ń fọ́ kó tó dé, tàbí kó wà nínú ààwẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá mọ ìyẹn, gíláàsì lẹ máa di ẹ̀bi rù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú yín ni wọ́n á ti kọ ọ́, kó jẹ́ nọ́ńbà ló máa wà lórí ẹ̀ dípò orúkọ, kí wọ́n jù ú sínú páálí. Ẹ ó sì sọ fún wọn ní gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó kọ 3 ò ní pàdánù ipò ẹ̀, ẹ mú un ṣẹ o, torí tẹ́ ẹ bá fi í ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan péré, òdo lẹ ó máa rí títí láé.

Àmọ́ páálí á wà níbẹ̀ títí ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, torí náà ní àárín iṣẹ́, ẹ máa béèrè nọ́ńbà, ẹ ní "ojú ńkọ́, mélòó?" Nọ́ńbà rọrùn fún ọmọ iṣẹ́ láti sọ fún ọ̀gá ju "ó ń dùn mí" lọ. Òfin tiwa ni pé ẹni tó bá pe 2, kó bọ́ ọ kó jókòó, ẹni tó bá pe 3, kò tún ní dé e lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, a ó sinmi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, ó tán. Ọ̀sẹ̀ kejì la tó ń dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ò sì kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì HoloLens 2 lè gbé wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí bátìrì jẹ́ aago yín.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí lágbára fún àwa oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀: èéfín ẹńjìnnì náà ń fa ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì, bó ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn kó tó pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ́ wọn níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan ní òòyì ń kọ́ òun, tẹ́ ẹ ní "àh, gíláàsì ni, bọ́ ọ kó o jókòó síbẹ̀," ẹ ti pa á nìyẹn. Ẹńjìnnì tó kú ni kẹ́ ẹ máa fi kọ́ wọn. Tẹ́nikẹ́ni bá pe òòyì, ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà ló yẹ kó lọ, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí èéfín aládùúgbò ń gbà wọlé.

Ọkàn àti ọpọlọ

Ọmọbìnrin kan ń tú fílítà, ọfà àwọ̀ ewé wà lójú ẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an. Ọfà ní kó sún sápá òsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tá a ń da ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ sí wà níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tì í bọ inú ẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì wolẹ̀, ó ṣì ń wo ọfà, ó tó ìgbà tí ọ́ìlì wọ inú bàtà ẹ̀ kó tó lọgun. Ọpẹ́ ni pé ọ́ìlì ti tutù.

Kì í ṣe pé kò fara balẹ̀. Bí ọfà ṣe ń mú ojú nìyẹn. Ní 2013, àwọn kan ní Kánádà ní kí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi kámẹ́rà wọ imú òkú tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, àwọn kan ní àwòrán AR tó ń júwe ọ̀nà, àwọn kan ò ní. Àwọn tó ní AR ló dé ibi tí wọ́n ń lọ pẹ́lú pípéye jù, ṣùgbọ́n nǹkan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ wà ní gbangba ojú wọn, àwọn tó ní AR ni kò rí i jù. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ojú ló jẹ́, kò jẹ́ ju ìyẹn lọ. Torí náà, àmì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kó àlàyé bo gbogbo ojú wọn. Láàárín ìpele kan sí èkejì ẹ jẹ́ kí gbogbo àwòrán kú pátá, kí ọmọ iṣẹ́ yí ọrùn wo ilẹ̀, òsì, ọ̀tún, ẹ̀yìn, kó sọ ohun tó rí jáde, "bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lósì, sípánà wà nílẹ̀," kó tó pe èyí tó kàn. Ẹ ó rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kò fi ṣòfò.

Èkejì ni pé ọfà máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti mọ iṣẹ́. A bọ́ gíláàsì lójú ẹnì kan tó ti ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà mẹ́fà láì ṣìṣe, a ní kó tún un ṣe, ó gbé sípánà sókè, ọwọ́ ẹ̀ dúró sínú afẹ́fẹ́, ó ń wo ẹńjìnnì bí ẹni tó ń wo ojú àlejò. Ó dùn ún gan-an, mo rí i lójú ẹ̀. Ó ti pẹ́ táwọn tó mọ̀ nípa bí ara ṣe ń kọ́ṣẹ́ ti sọ ọ́, Salmoni, Schmidt àti Walter kọ ọ́ ní 1984 pé tẹ́ ẹ bá ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní gbogbo ìgbà, á ṣe dáadáa níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá dákẹ́, iṣẹ́ á ṣubú. Bá a ṣe wá ń ṣe é báyìí: ìgbà àkọ́kọ́ gbogbo ọfà ló wà. Ìgbà kejì, òun ló máa kọ́kọ́ fi ìka júwe ibi tó rò, ọfà á wá yọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà kẹta, ọfà ò ní yọ àfi tó bá ṣìṣe. Ìgbà kẹrin, gíláàsì wà lórí tábìlì, kò sí lójú. Tó bá dọjọ́ kejì, kó tó fọwọ́ kan gíláàsì rárá, kó kọ́kọ́ ṣe é lójú lásán, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tó kù lórí ẹ̀.

Àwọn áàpù kan máa ń gbé èèyàn kan dúró sínú gíláàsì, bí ọ̀gá tó ń wo yín. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ní yunifásítì Stanford, ìwádìí tó jáde ní 2019, wọ́n fi èèyàn inú gíláàsì jókòó ti àwọn tó ń to lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀: èyí tó rọrùn, wọ́n ṣe é dáadáa sí i, èyí tó le, wọ́n ṣe é burú sí i, bí ìgbà tí èèyàn gidi ń wò wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àga tí èèyàn àwòrán yẹn jókòó sí, nígbà tí wọ́n ti bọ́ gíláàsì tán, tí wọ́n sì rí i pé àga ṣófo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣì jókòó lé e. Ìyẹn ni pé gíláàsì kúrò lójú, àwòrán ò tíì kúrò lọ́kàn. Torí náà níbi tí iṣẹ́ ti le, ẹ yọ ọ̀gá inú gíláàsì kúrò, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣe àṣìṣe ẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kámẹ́rà tó wà níwájú gíláàsì náà, ẹ sọ fún wọn ẹni tó ń wo fídíò àti ìgbà tẹ́ ẹ máa pa á rẹ́, torí ẹni tó rò pé wọ́n ń ká òun sílẹ̀ láti fi lé òun lọ, iṣẹ́ ò ní wọ̀ ọ́ lórí.

Ó ní ìbùkún ẹ̀ o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo kórìíra ẹ̀. Ọmọ tí iná ti gbé rí, tí kì í sún mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, a fi pánẹ́ẹ̀lì àwòrán síwájú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fọwọ́ kan án, ó ṣìṣe, kò sí nǹkan tó ṣe é, nígbà tó máa fi dé ìdí ti gidi tí wọ́n ti paná ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.

Àwọn tí kò yẹ kó dé e: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹni tó ní wárápá àfi tí dókítà bá gbà á láàyè, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí gbá nǹkan, aláboyún tí èébì ṣì ń dà láàmú, ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ ọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lá a fi ń dúró kí ẹnikẹ́ni tó gun ọ̀kadà tàbí wa mọ́tò, wọ́n á mu omi, wọ́n á jókòó wo òde. Tí ojú bá ṣì ń ṣú tàbí tí òòyì ò lọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹ mú un lọ bá dókítà, ẹ má fi àgbo tàbí Panadol tì í.

Ọmọ tí mo bá níbi ògiri yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kò dáhùn, ó kàn wolẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, nọ́ńbà tó ń pè ò kúrò ní òdo, òdo, òdo. Ó wá di ọjọ́ Tọ́sìdé kan, a ti bẹ̀rẹ̀ tó bíi ìṣẹ́jú méjìlá, mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mi ò tíì béèrè nǹkan kan, ó fọwọ́ méjèèjì gbé gíláàsì kúrò lójú fúnra ẹ̀, ó rọra gbé e lé tábìlì, ó ní, "Sà, ojú ti di 2. Mo fẹ́ jókòó."